Ṣé wọ́n jí ìbò Amẹ́ríkà ní 2020? Ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ìdí tí ẹ̀sùn náà kò fi kú

Ìdìbò ààrẹ tó wáyé ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ti di ìtàn. Joe Biden tó wọlé nígbà náà ti lo ọdún mẹ́rin tirẹ̀ tán, Donald Trump tó fìdí rẹmi sì ti padà wọlé ní 2024. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Trump ṣì ń sọ pé òun lòun wọlé ní 2020, pé ṣe ni wọ́n jí ìbò òun. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ Trump, lẹ́nu wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń sọ pé Biden kò wọlé lọ́nà ẹ̀tọ́.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ láti òkèèrè, ó lè rú u lójú. Bí wọ́n bá jí ìbò lóòótọ́, kí ló dé tí ilé ẹjọ́ kò rí olè mú? Bí wọn kò bá sì jí i, kí ló ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn tí wọ́n fi gbà pé wọ́n jí i? Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti àkọ́kọ́, inú àpótí ìbò la ti máa wá ìdáhùn rẹ̀. Ìkejì kò sí nínú àpótí rárá, inú ọkàn ọmọ aráyé ló wà, òun ló sì le jù.

Àṣìṣe, èrú àti ọ̀tẹ̀: ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọlé nìyí. Àwọn èèyàn máa ń kó nǹkan mẹ́ta pọ̀, wọ́n á pe gbogbo rẹ̀ ní màgòmágó.

Àkọ́kọ́ ni àṣìṣe. Èèyàn ló ń ṣètò ìdìbò, èèyàn sì máa ń ṣi iṣẹ́ ṣe. Ìkejì ni èrú: kí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ dìbò lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú dìbò, tàbí kó yí ìwé ìdìbò ẹlòmíì padà. Ìkẹta ni ọ̀tẹ̀ abẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn forí korí ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n gbìmọ̀ láti yí èsì ìdìbò odindi orílẹ̀-èdè padà, wọ́n ṣe é ní àṣeyọrí, gbogbo wọn sì pa ẹnu mọ́.

Kò sí ìdìbò ńlá tí àṣìṣe àti èrú díẹ̀ kì í yọjú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní 2020 ni ìkẹta. Ohun tó sì máa ń wáyé ni pé ẹnì kan á mú ẹ̀rí àṣìṣe wá, á ní ká tìtorí rẹ̀ gbà pé ọ̀tẹ̀ wà.

Wo ọ̀rọ̀ káúńtì Antrim (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀) ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ibẹ̀ jẹ́ ibi tí ẹgbẹ́ Republican ti lágbára gan-an. Àmọ́ nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde lóru ọjọ́ ìdìbò, Biden ló ń lé iwájú. Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ṣe àtúnṣe sí àwọn ìwé ìdìbò kan nígbà tí ọjọ́ ti ń lọ, wọn kò sì ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n. Akọ̀wé káúńtì náà tí iṣẹ́ ọ̀hún já lé léjìká, ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni. Wọ́n tètè ṣàtúnṣe rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n fi ọwọ́ ka gbogbo ìwé ìdìbò ààrẹ ní káúńtì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, Trump ló wọlé níbẹ̀, iye rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Síbẹ̀ Antrim di orúkọ tí gbogbo ayé ń pè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rọ ń yí ìbò padà.

Ta ló ń ka ìbò ní Amẹ́ríkà?

Kò sí àjọ kan ṣoṣo tó ń ṣètò ìdìbò fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, àwọn káúńtì tó lé ní 3,000 ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Ní Michigan àti Wisconsin, àwọn ìlú gan-an ló ń ṣe é. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló ní aṣojú níbi tí wọ́n ti ń kà á. Ẹni tó bá fẹ́ yí èsì padà lápapọ̀ máa ní láti bá àwọn èèyàn tí kò mọ ara wọn rí, tí ẹgbẹ́ wọn kò sì pa pọ̀, wọ ìmùlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀.

Biden ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 81, Trump ní tó lé ní mílíọ̀nù 74. Ó jọ pé àlàfo náà gbòòrò. Àmọ́ kì í ṣe iye yìí ni wọ́n fi ń yan ààrẹ níbẹ̀. Àwọn aṣojú 538 láti àwọn ìpínlẹ̀ ló ń yàn án, ẹni tó bá ní 270 ló wọlé. Biden ní 306, Trump ní 232. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ún gbọ́ fún ẹni tó fẹ́ fura nìyí: ìbò 11,779 ni Biden fi ju Trump lọ ní Georgia, 10,457 ní Arizona, 20,682 ní Wisconsin. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pé 43,000. Ká ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sọ́wọ́ Trump ni, 269 sí 269 ni ì bá jẹ́. Nígbà tí nǹkan bá sún mọ́ ara wọn tó báyìí, ẹni tó pàdánù kò ní yé ronú pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan nǹkan kékeré níbì kan, òun ló máa ba tòun jẹ́.

Kí ló dé tí Trump fi ń lé iwájú lálẹ́, tí Biden sì ti gba iwájú kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì?

Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó bí ìfura ọdún 2020, èyí ni màá mú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Trump ń lé iwájú ní Pennsylvania, Wisconsin àti Michigan. Lẹ́yìn aago méjì òru, ó jáde síta ní ilé ìjọba, ó ní àwọn ti wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Wisconsin àti Michigan ti ń yí sọ́wọ́ Biden. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, Pennsylvania náà ti tẹ̀ lé e. Ẹni tó sùn tí ẹni tirẹ̀ wà lókè, tó jí tó bá a nísàlẹ̀, kí ni kó rò?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nítorí àrùn Kòrónà, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò tó dìbò láti ilé, tí wọ́n fi ìwé ìdìbò wọn ránṣẹ́ nínú àpò ìwé. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní ìbò àfiránṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni Trump ti ń sọ fún àwọn tirẹ̀ pé kí wọ́n má fọkàn tán ìbò àfiránṣẹ́. Wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu, wọ́n lọ tò ní ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn Democrat, ẹgbẹ́ Biden, ní tiwọn fi tiwọn ránṣẹ́. Bí ìbò ṣe pín sí òkìtì méjì nìyẹn: èyí tó wá láti ibùdó ìdìbò, tí Trump pọ̀ nínú rẹ̀, àti èyí tó wà nínú àpò ìwé, tí Biden pọ̀ nínú rẹ̀.

Èwo ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà? Òfin ló ń sọ ìyẹn. Ní Pennsylvania àti Wisconsin, òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìdìbò já àpò ìwé kan kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Àwọn òṣìṣẹ́ náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí òfin yìí padà, kò bọ́ sí i. Jíjá àpò ìwé, yíyẹ orúkọ wò, títẹ́ ìwé tó ti ká kó tó lè wọ inú ẹ̀rọ, iṣẹ́ tó ń gba àkókò ni. Ìbò ibùdó yá, ìbò àfiránṣẹ́ falẹ̀. Ní ìlú Milwaukee, wọ́n kó gbogbo ìbò àfiránṣẹ́ síbì kan, wọ́n sì kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, nǹkan bí 170,000. Àwòrán tó ń fi bí ìbò ṣe ń gòkè hàn wá fò sókè lójijì bí ẹni gun àkàsọ̀. Àwòrán yẹn lọ káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí olè jíjà.

Florida ló fi hàn pé kò sí idán kankan níbẹ̀. Ìbò àfiránṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òfin wọn gbà kí wọ́n ti máa já àpò ìwé láti ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú. Kò sí fífò kankan ní òru. Kí wọ́n tó sùn, wọ́n ti mọ̀ pé Trump ló gba Florida, kò sì sẹ́ni tó pariwo.

Ìṣòro wa ni pé bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù la ṣe ń wo ìkà ìbò. Nínú bọ́ọ̀lù, bí ẹgbẹ́ kan bá fi àmì ayò méjì ṣíwájú, ó ti jẹ ẹ́ lóòótọ́, bí wọ́n bá sì ba á nígbẹ̀yìn, nǹkan tuntun ló ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Ìbò kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibùdó ìdìbò, eré ti parí. Àwọn tó ń kà á kàn ń ṣí ohun tó ti wà nílẹ̀ ni, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ láti òkìtì tó bá wù wọ́n. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó “ń lé iwájú” ní ìtumọ̀ tòótọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń fi ìkà ìbò ṣe eré ìdíje dá kún wàhálà yìí, mi ò sì rí i pé wọ́n ti jáwọ́.

Àwọn kan ti rí i tẹ́lẹ̀. Edward Foley, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Ohio, ti kọ̀wé láti 2013 nípa bí ìbò tí wọ́n kà kẹ́yìn ṣe ń ṣe àǹfààní fún àwọn Democrat. Sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders sì lọ sórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹwàá 2020, ó ṣàlàyé rẹ̀ kínníkínní pé Trump máa lé iwájú lálẹ́, pé á kéde ara rẹ̀, pé ìbò àfiránṣẹ́ máa yí i padà, pé á sì pariwo olè.

Kí ni àwọn tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò rí?

Ẹjọ́ tó lé ní 60 ni Trump àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gbé lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn adájọ́ tó dá wọn lẹ́bi sì jẹ́ èyí tí Trump fúnra rẹ̀ yàn. Ọ̀kan nínú wọn, Stephanos Bibas, kọ ọ́ nínú ìdájọ́ kan pé pípe ìdìbò ní ojúsàájú kò sọ ọ́ di ojúsàájú. Pé ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ ṣe pàtó, kó sì ní ẹ̀rí, pé kò sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì níwájú àwọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Lójú àwọn oníròyìn, Rudy Giuliani tó jẹ́ agbẹjọ́rò Trump ń sọ pé èrú wà níbi gbogbo. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kọkànlá, ó dúró níwájú adájọ́ ní Pennsylvania, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹjọ́ tí àwọn gbé wá yìí kì í ṣe ẹjọ́ èrú. Ìta gbàgede gba ohunkóhun. Ilé ẹjọ́ máa ń bi èèyàn léèrè ẹ̀rí, agbẹjọ́rò tó bá sì purọ́ níwájú adájọ́ lè pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀.

William Barr, olórí ẹ̀ka ètò ìdájọ́ lábẹ́ Trump, sọ lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá pé àwọn kò rí èrú tó tóbi débi tó lè yí èsì padà. Georgia ka ìbò ààrẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ ni wọ́n fi ka nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ìwé ìdìbò nínú ọ̀kan nínú rẹ̀, Biden náà ni. Ní Arizona, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Republican gbé ìwé ìdìbò káúńtì Maricopa fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cyber Ninjas. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé wọ́n jí ìbò. Wọ́n fi oṣù mélòó kan yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnì kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ tiẹ̀ sọ pé àwọn ń wá fọ́nrán ọparun nínú ìwé, nítorí àhesọ kan tó ní wọ́n kó ìwé ìdìbò èké wá láti Éṣíà. Nígbà tí àbọ̀ jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2021, iye tí wọ́n fi ọwọ́ kà fún Biden fi 99 lé sí i, ti Trump dín ní 261.

Ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press náà yẹ ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí àríyànjiyàn wà lé lórí wò. Wọ́n rí ìbò tó ṣeé ṣe kó jẹ́ èrú, kò tó 475. Àpapọ̀ ìbò tí Biden fi wọlé ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé ní 311,000. Àwọn tó fi èké kan orúkọ ẹlòmíì sì ti sanwó rẹ̀: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox News gbà láti san mílíọ̀nù 787.5 dọ́là fún Dominion, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò, ní oṣù Kẹrin 2023. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ aráàlú tó dájọ́ nílé ẹjọ́ ní kí Giuliani san mílíọ̀nù 148 dọ́là fún òṣìṣẹ́ ìdìbò méjì ní Georgia, ìyá àti ọmọ, tó pè ní olè.

Ṣé èrú ìbò kì í wáyé rárá ni?

Ó ń wáyé. Ní 2018, ní ẹkùn ìdìbò kẹsàn-án ní North Carolina, olùdíje Republican fi ìbò 905 ṣíwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé ìbò àfiránṣẹ́ káúńtì Bladen kò bára mu: àwọn ẹlẹ́rìí kan náà ló ń fọwọ́ sí ìwé lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé ìdìbò púpọ̀ ni kò sì padà wá. Ìwádìí fi hàn pé ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún olùdíje náà ń rán èèyàn lọ sílé onílé láti gba ìwé ìdìbò wọn. Àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ náà kọ̀ láti fọwọ́ sí èsì, wọ́n pàṣẹ kí wọ́n tún ìdìbò dì, wọ́n sì tún un dì ní oṣù Kẹsàn-án 2019.

Ìbò tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó lọ́wọ́ sí i kò pọ̀, síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àṣírí ti tú. Ìwé kù, ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀, nọ́ńbà kò bára mu. Ẹ̀sùn 2020 ń béèrè pé ká gbà pé irú iṣẹ́ yìí kan náà wáyé ní ìlọ́po ìlọ́po rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, kò sì sí ipasẹ̀ kankan.

Kí ló dé tí ẹ̀rí kò fi yí wọn lọ́kàn padà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìpàdánù. Joseph Uscinski àti Joseph Parent, onímọ̀ òṣèlú méjì, ka lẹ́tà tó lé ní 100,000 tí àwọn èèyàn kọ sí ìwé ìròyìn New York Times láàárín 1890 sí 2010, wọ́n ń wá èyí tó sọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ abẹ́lẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ máa ń dojú kọ ẹgbẹ́ tó bá wà lórí àlééfà. Bí agbára bá ti yí ọwọ́ padà, ẹ̀sùn náà á yí ojú padà.

A kò nílò lẹ́tà àtijọ́ láti rí i. Ní 2004, àwọn Democrat ni wọ́n ń sọ pé ẹ̀rọ ìdìbò Ohio kò ṣeé gbára lé. Lẹ́yìn 2016, ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ nínú ìwádìí pé Rọ́ṣíà yí iye ìbò padà. Rọ́ṣíà dá sí ìdìbò náà lóòótọ́, ó jí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, ó sì tan ìpolongo èké kálẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé ó fọwọ́ kan ìbò kan. Ní 2024, Trump wọlé, àwọn tirẹ̀ sì dákẹ́ lórí èrú bí ẹni pé ìdìbò ti gba ìwòsàn lóru ọjọ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tan án kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé mílíọ̀nù 20 ìbò ti sọnù. Wọn kò tíì ka California tán ni. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Kamala Harris ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 75.

Ìpàdánù nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀ ṣá. Ọkàn wa kì í fẹ́ gbà pé nǹkan kékeré ló fa nǹkan ńlá. Nígbà tí wọ́n pa Ààrẹ Kennedy ní 1963, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò gbà títí dòní pé ọkùnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú ìbọn kan ló pa ààrẹ orílẹ̀-èdè tó lágbára jù láyé. Ikú ńlá gbọ́dọ̀ ní apànìyàn ńlá. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ẹnì kan tó gbà pé orílẹ̀-èdè òun ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá gbà pé òfin tó sọ ìgbà tí wọ́n máa já àpò ìwé ló fa ohun tó rí lóru ọjọ́ yẹn?

Ọdún náà fúnra rẹ̀ tún dá kún un. Ní 2008, Jennifer Whitson àti Adam Galinsky ṣe ìdánwò kan tó fi hàn pé ẹni tí wọ́n mú kó rò pé nǹkan kò sí ní ìkáwọ́ òun máa ń rí àpẹẹrẹ níbi tí kò sí nǹkan kan, ó sì máa ń tètè rí ọ̀tẹ̀. Nínú 2020, àrùn ń pa èèyàn, iṣẹ́ ń bọ́, ilé ìjọsìn wà ní títì. Ta ni nǹkan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀?

Àwa Yorùbá a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Mo gbà pé ó ń bá a. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà tó bá a ló ń dá a dúró. Láti 1977 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn nínú ìdánwò pé bí èèyàn bá ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan léraléra, bẹ́ẹ̀ ni á máa jọ òtítọ́ sí i létí, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó gbọ́ “wọ́n jí i” ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, tó sì gbọ́ àtúnṣe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ mọ èyí tó máa dúró.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ẹ̀sùn náà kò bára wọn mu, ìyẹn ò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń yí ìbò padà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìwé ìdìbò èké ṣe? Bó bá sì jẹ́ pé ìwé èké ni, a jẹ́ pé ẹ̀rọ kà á bó ṣe yẹ. Ní 2012, Michael Wood, Karen Douglas àti Robbie Sutton ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn tó gbà pé wọ́n pa Ọmọba Diana náà ló máa ń gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó ti díbọ́n kú, kó sì wà láàyè. Èèyàn kan kò lè kú kó sì wà láàyè. Ohun tó so èrò méjèèjì pọ̀ ni ìgbàgbọ́ tó wà lábẹ́ wọn pé àwọn aláṣẹ ń fi nǹkan pa mọ́. Ìdí nìyẹn tí jíjá ẹ̀sùn nírọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kò fi ń wó ilé náà. Àwọn ẹ̀sùn kì í ṣe òpó rẹ̀. Ẹ já ti Antrim, wọ́n á mú Atlanta ní Georgia wá. Ẹ já ti Atlanta, wọ́n á mú Milwaukee. Bí ẹ bá sì já gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á ní àìsí ẹ̀rí gan-an ló fi hàn pé àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́.

Ṣé àwọn aláìmọ̀kan ló ń gbà á gbọ́?

Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe òtítọ́. Agbẹjọ́rò, dókítà àti ọ̀gágun wà lára àwọn tó gbé ẹ̀sùn 2020 rù. Dan Kahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn èèyàn ní ìṣirò kan ṣe ní 2013. Nígbà tí ìṣirò náà dá lórí oògùn ara, àwọn tó mọ ìṣirò ló gbà á jù. Nígbà tí wọ́n yí i sí òfin ìbọn, tí nọ́ńbà náà sì lòdì sí ohun tí ẹgbẹ́ wọn gbà gbọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ni àìgbọ́ra-ẹni-yé wọn pọ̀ jù. Wọ́n fi ọgbọ́n wọn wá ọ̀nà àbáyọ. Nítorí náà, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò rẹ̀ láti orí “òmùgọ̀ ni yín,” yàtọ̀ sí pé ó rí ẹlòmíì fín, ó tún ṣi ibi tí ìṣòro wà.

Báwo lèèyàn ṣe máa yẹ irú ẹ̀sùn yìí wò, ta ni wọ́n sì máa ń gbọ́?

Ìbéèrè tó wúlò jù kì í ṣe “ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò dára?” Ìdáhùn ìyẹn máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè pé: èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ kó tó lè ṣẹ? Ṣé ìwé wà nílẹ̀ tí ẹlòmíì lè tún kà? Ṣé ẹni tó ń sọ ọ́ níta sọ ọ́ níwájú adájọ́? Ìbò mélòó ni, ṣé ó sì tó ohun tó lè yí èsì padà? Lẹ́yìn náà kí ẹ bi ẹni tó mú ẹ̀sùn wá léèrè ohun tó lè jẹ́ kó gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan láyé tó lè yí i padà, ẹ̀rí kọ́ lẹ jọ ń sọ.

Ọ̀rọ̀ máa ń wọlé nígbà mìíràn. Thomas Costello, Gordon Pennycook àti David Rand gbé ìwádìí jáde ní 2024 tí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn tó gba ọ̀tẹ̀ abẹ́lẹ̀ gbọ́ bá ẹ̀rọ aláfọgbọ́n (AI, kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ bí èèyàn) jíròrò. Ẹ̀rọ náà kò bínú, kò bú wọn, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ gan-an ló ń dáhùn, kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ. Ìgbàgbọ́ wọn fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù, ó sì ṣì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì. Adam Berinsky náà ti fi hàn ní tirẹ̀ pé àtúnṣe máa ń wọni létí jù bó bá jẹ́ ẹnu ẹni tí irọ́ náà ì bá ṣe láǹfààní ló ti jáde.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà ní 2020. Rusty Bowers, olórí ilé aṣòfin kékeré ní Arizona, ṣe ìpolongo fún Trump. Ó jẹ́rìí ní oṣù Kẹfà 2022 pé òun béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ Giuliani, ìyẹn sì dá òun lóhùn pé àbá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, ẹ̀rí ni kò sí. Nígbà tí Bowers díje fún ipò sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà ní oṣù Kẹjọ, àwọn olùdìbò ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e dànù. Brad Raffensperger, akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia tí ìdìbò wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, Republican lòun náà. Òun ni Trump pè lórí fóònù lọ́jọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní 2021 pé kó bá òun wá ìbò 11,780, Raffensperger sì sọ fún Trump pé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ Trump kò tọ́. Trump fa ẹlòmíì kalẹ̀ láti gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2022, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican, Raffensperger ló wọlé.